ÌLÚ TI GBÉ BÁÍPÁÀSÌ ÀKỌ́KỌ́ MÌ NÍ ÀKÚRẸ́: KÍ LA FẸ́ ṢE SÍ ÈKEJÌ?

Ẹni tó bá ń gbé Àkúrẹ́ tí kò tíì sá fún tirela rí, àfi kó jẹ́ pé ẹni náà kì í jáde nílé. Bẹ́ ẹ dúró sí Road Block, bẹ́ ẹ dúró sí iwájú FUTA, bẹ́ ẹ dúró sí Ọjà Onyearugbulem tàbí Ṣáṣá, ohun kan náà lẹ máa rí: tirela tó ru sìmẹ́ńtì, táńkà epo, lọ́rì tó kó màlúù, ọlọ́kadà, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ iléèwé, àti ìyá tó gbé igbá tòmátì rù. Gbogbo wọn ló ń du ojú títì kan ṣoṣo.

Ekímọgun náà kò gbẹ́yìn. Tirela tó bá yà ní Ọ̀rẹ̀, tó fẹ́ já sí Àkúrẹ́, Òǹdó ló máa gbà kọjá. Àwọn tó ń tajà ní Yábà àti ní Ademulegun Road mọ ohun tí à ń wí.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kan kò ṣe tán lẹ́nu aráàlú: kí ìjọba la báípáàsì fún àwọn tirela yìí, kí wọ́n máa gba ẹ̀yìn ìlú lọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àwa náà sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ǹjẹ́ ẹ rántí pé Àkúrẹ́ ti ní báípáàsì kan tẹ́lẹ̀? Níbo ló wà lónìí? Ìlú ti gbé e mì.

EXPRESS TÓ DI ÀDÚGBÒ

Ẹ̀yin àgbàlagbà Àkúrẹ́, ẹ bá wa rántí. Láyé àtijọ́, mọ́tò tó bá ti Iléṣà bọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀ àti Benin, inú ìlú ló ń gbà. Á gba Ọ̀yẹ́mẹ́kùn Road, á bọ́ sí Ọba Adéṣidà Road, á kọjá ní Ọjà Ọba nítòsí ààfin Déjì, á forí lé Alágbàká, kó tó já sọ́nà Ọ̀wọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà Iléṣà sí Ọ̀wọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Express, apá àríwá ni wọ́n gbé e gbà, lẹ́yìn ìlú. Ìdí rẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe ní Àkúrẹ́ má ṣe wọ Àkúrẹ́. Báípáàsì lèyí, orúkọ ló yàtọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba Murtala Muhammed dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, Àkúrẹ́ sì di olú ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, agbaṣẹ́ṣe dé, oníṣòwò tẹ̀ lé wọn. Ọdún 1981 ni wọ́n dá FUTA sílẹ̀, ọ̀nà Iléṣà náà ni wọ́n sì fi í sí. Ọdún 1996 ni Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ kò fún pọ̀, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Ọ̀gágun orí omi Anthony Onyearugbulem ṣe alákòóso ológun ní Òǹdó láti 1996 sí 1998, ọjà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà lórí Express títí dòní. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan ní bíi èèyàn 353,000.

Ẹ̀yìnkùlé ìjẹta ti di yàrá lónìí. Ilé epo wà lórí Express, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mẹkáníìkì, fọ́kánáísà, alágbẹ̀dẹ irin, oníbúrẹ́dì, ọlọ́gẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ti kọjú sí i. Kò sẹ́ni tó jí ọ̀nà náà kó. Díẹ̀díẹ̀ la jẹ ẹ́.

Ká má purọ́, ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ìyá alátà nìkan. Ibi tí èrò bá wà lọjà ń lọ. Lójú òfin, títì ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n da ọ̀dà sí nìkan. Bí ẹ bá dúró sí àárín gbùngbùn rẹ̀, tí ẹ wọn mítà 45.72, ìyẹn fíìtì 150, sí ọ̀tún, tí ẹ tún wọn iye kan náà sí òsì, ilẹ̀ ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀. Ta ló sọ èyí fún ìyá tó gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀? Onílẹ̀ gbowó, onítíkẹ́ẹ̀tì ń gbowó, ọdún mẹ́wàá kọjá, ọjọ́ kan ni wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Bí ẹnì kan bá ti sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní, ì bá ti wá ibòmíràn lọ.

ÒYÌNBÓ NÁÀ ṢE É RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwà àwa aláwọ̀ dúdú nìkan nìyí. Lọ́dún 1927, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Stanley Baldwin, ṣí ọ̀nà báípáàsì kan ní Kingston, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Mọ́tò ti há ìlú náà mọ́, ọ̀nà tuntun ni kó gbà wọ́n. Kò pẹ́ rárá tí àwọn kọ́lékọ́lé fi dé. Wọ́n kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sí títì. Báípáàsì di àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, títí ìjọba fi ṣe òfin lọ́dún 1935 pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí nǹkan bíi fíìtì 220 sí àárín irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ dédé la ẹnu ọ̀nà sí títì.

Nílé níbí, ẹ wo Express Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978. Ẹni tó bá rin ọ̀nà náà nígbà yẹn, igbó ló ń rí. Lónìí ńkọ́? Ẹ lọ wo Ìbafọ̀ àti Mowé ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀.

Ohun tí èyí kọ́ wa kò le. Lílà ọ̀nà kọ́ ni iṣẹ́ tó ṣòro jù nínú báípáàsì. Owó ni katapílà fẹ́, bó bá rówó yóò ṣiṣẹ́. Ṣíṣọ́ ọ̀nà náà lẹ́yìn tí katapílà bá lọ tán ni iṣẹ́ gan-an.

KÍ LÓ DÉ TÍ TIRELA FI GBỌ́DỌ̀ KÚRÒ LÁÀÁRÍN WA?

Àwọn kan lè ní ṣebí ó ti mọ́ wa lára. Ikú kì í mọ́ni lára o. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2021, tirela kan tí bíréèkì rẹ̀ já ya wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá-Àkókó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Òkè ni ọ̀nà ibẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú, ibẹ̀ sì ni tirela sìmẹ́ńtì tó ń ti Ọbájáná ní Kogí bọ̀ ń gbà já sí ọ̀nà Ọ̀wọ̀.  Ibi tí èèyàn ti ń rajà, tí wọ́n ti ń tajà ni. Ibi tí ìlú àti tirela bá ti jọ ń lo ojú kan náà, ìjàǹbá kì í jìnnà síbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ẹ̀mí, ẹ wo títì fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò ńlá kan ní Ottawa, Illinois. Wọ́n la ọ̀nà oríṣiríṣi, wọ́n sì ń wa lọ́rì lórí wọn tọ̀sán tòru kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ba títì jẹ́. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Ẹ wo irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì lábẹ́ mọ́tò. Bí ẹrù tí irin náà gbé bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tó ń ṣe fún títì kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó ń lọ sí bíi ìlọ́po 16. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ó ń lọ sí bíi 81. Ẹ ò rí i báyìí pé gbogbo kẹ̀kẹ́ Márúwá Àkúrẹ́ lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kí títì má mọ̀ ọ́n lára, kí tirela kan tó ru àrùjù wá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ lálẹ́. Títì inú ìlú kò nípọn tó èyí tí tirela ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí kòtò tí wọ́n dí lóṣù yìí fi ń là lóṣù tó ń bọ̀.

TIRELA WO LÓ Ń KỌJÁ, ÈWO LÓ Ń WỌLÉ?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibi tó yẹ kí á ti la ojú wa nìyí. Báípáàsì kì í kó gbogbo tirela kúrò. Èyí tó ń kọjá lọ ló ń kó. Bí tirela bá kó àlùbọ́sà láti Òkè Ọya, tó jẹ́ pé Ṣáṣá ló fẹ́ já a sí, kí ló fẹ́ lọ ṣe lórí báípáàsì? Bí lọ́rì bá kó kòkó láti Ìdànrè lọ sí Èkó, òun ni ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú wúlò fún.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ kì í fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú katapílà. Bébà àti bírò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jókòó sí ẹnu ibodè ìlú, lọ́nà Iléṣà, lọ́nà Òǹdó, lọ́nà Ọ̀wọ̀, lọ́nà Àdó, wọ́n á máa ka mọ́tò. Wọ́n á dá dírẹ́bà dúró, wọ́n á bi í pé: Níbo lẹ ti ń bọ̀? Níbo lẹ ń lọ? Kí lẹ rù? Tí wọ́n bá ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tọjà ti àìjẹ́-ọjà, wọ́n á mọ iye tó ń kọjá àti iye tó ń wọlé. Bí èyí tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tó ń kọjá lọ, a jẹ́ pé báípáàsì nìkan kò tó. Ìlú nílò gáréèjì tirela létí ìlú, níbi tí wọ́n ti máa já ẹrù, tí lọ́rì kékeré, pikọ́ọ̀pù àti alábàárù yóò wá máa kó o wọ ọjà. Iṣẹ́ tún nìyẹn fún àwọn ọmọ wa.

Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la báípáàsì, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ṣé wọ́n ti ka tirela? Bí wọn kò bá tíì kà á, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀YIN TẸ́ Ẹ Ń TAJÀ LẸ́BÀÁ Ọ̀NÀ ŃKỌ́?

Ọ̀nà ń sọ ìlú di ńlá, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu ìlú. Ẹ wo Ọ̀rẹ̀. Oríta ni Ọ̀rẹ̀: ẹni tó ń lọ sí Benin, ẹni tó ń lọ sí Èkó, ẹni tó fẹ́ yà sí Òǹdó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Oríta yẹn ló sọ ọ́ di ìlú tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà fún èrò ọkọ̀ níbẹ̀ ti kọ́lé, ó ti rán ọmọ níléèwé. Nígbà tí mọ́tò pọ̀ níbẹ̀ débi pé èèyàn ń kú, ìjọba Gómìnà Rótìmí Akérédolú kọ́ afárá olókè síbẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá àti ẹni tó ń yà má baà forí gbárí mọ́.

Ẹ wá wo ìyá tó ń ta ìrẹsì fún àwọn dírẹ́bà tirela ní Àkúrẹ́ tàbí ní Òǹdó. Ọjọ́ tí tirela bá yí ojú sí ẹ̀yìn ìlú, oníbàárà rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Fọ́kánáísà, oníbátìrì, ẹni tó ń ta sípéà páàtì, aláàárọ̀ tó ń ta àkàrà, gbogbo wọn ló kàn. Kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n á gbé igbá, wọ́n á tẹ̀ lé tirela lọ sórí báípáàsì. Ẹ tún rí i báyìí? Ibẹ̀ gan-an ni jíjẹ báípáàsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Olè kọ́ ni wọ́n. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń lé.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé, bí ìjọba kò bá fẹ́ kí wọ́n jókòó sórí ọ̀nà, kí ìjọba ṣe ibi tí wọ́n máa jókòó sí fún wọn kí ọ̀nà tó ṣí. Kí gáréèjì tirela wà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta pàtó, kí ìsọ̀ wà nínú rẹ̀, omi, ilé ìgbẹ́, iná, ibi tí mẹkáníìkì máa dúró sí. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ pe àwọn tí ọ̀nà àtijọ́ ń bọ́, kí àwọn ọlọ́rọ̀ tó fi orúkọ ọmọ wọn gba gbogbo ìsọ̀ tán.

Ní Òǹdó, ọ̀rọ̀ ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan. Láti ayébáyé ni Lóbùn, obìnrin tó jẹ́ olóyè ńlá, ti ń ṣe olórí ọ̀rọ̀ ọjà àti Ajé. Bí àwọn baba wa kò bá dá ọjà sílẹ̀ láìsí ohùn Lóbùn níbẹ̀, èwo ni ti ẹni tó máa jókòó sí ọ́fíìsì tó ní èrọ amúlétutù, tó máa fi rúlà fa ìlà gba orí ìsọ̀ àwọn obìnrin kọjá láìbi ẹnì kankan?

ILẸ̀, KÒKÓ ÀTI OWÓ GBÀ-MÁ-BÍNÚ

Ẹ̀yìn ìlú tí à ń wí yìí kì í ṣe ilẹ̀ òfo. Oko ni. Kòkó wà níbẹ̀, obì wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Igi kòkó ń lo bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, ó sì lè bọ́ ìdílé fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí wọ́n gé kòkó rẹ̀ lóòjọ́ kan, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n gé.

Kí ni òfin sọ? Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Gómìnà lè gba ilẹ̀ fún ohun tó kan gbogbo ìlú, ọ̀nà sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún ẹni tó ni ín. Owó gbà-má-bínú wà fún ilé àti fún ohun ọ̀gbìn. Ilẹ̀ lásán kò ní owó kan gbòógì, àfi iye tí èèyàn bá san fún ìjọba lọ́dún náà lórí rẹ̀. Ilé pàápàá, wọ́n á yọ iye tí ogbó ti jẹ lára rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó. Ẹ̀yin ayálégbé, ibi tó ti dùn yín jù nìyí: ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ tàbí gbìn ni òfin ń sanwó fún. Ẹni tó kàn háyà ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà tó pàdánù kò sí nínú ìṣirò. Onílé á gbowó, ayálégbé á gbé igbá rẹ̀ lọ.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní ẹsẹ 44, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ san owó náà láìfi falẹ̀, àti pé ẹni tọ́rọ̀ kàn lè lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin ọdún 1992 lórí àyíká náà fi àyè sílẹ̀ kí aráàlú sọ èrò wọn lórí iṣẹ́ ńlá bí èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí katapílà dé kó tó sunkún, ẹkún rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún ìjọba náà. Ẹ wo Ìbàdàn. Ọ̀nà tó fẹ́ yí ìlú náà po, tí wọ́n ń pè ní Circular Road, kìlómítà 110 ni wọ́n pète rẹ̀. Ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bí gbé apá ìlà oòrùn rẹ̀, bíi kìlómítà 32, jáde, ìjọba Ṣèyí Mákindé sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba sọ pé òun fẹ́ mítà 500 lọ́tùn-ún àti 500 lósì ọ̀nà náà, àwọn onílé àti onílẹ̀ figbe bọnu. Bí ìjọba kò bá gba ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìlú á gbé ọ̀nà mì. Bó bá gbà á jù, á gbé ènìyàn mì. Àárín méjèèjì yìí ló yẹ kí ìjókòó wà, kí gbogbo wa sì jọ jókòó.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á BÉÈRÈ

Àbá tiwa rèé, ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Èkíní, kí wọ́n ka tirela kí wọ́n tó la ọ̀nà, kí wọ́n sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú ní èdè tí a gbọ́.

Èkejì, kí wọ́n ri òpó ààlà mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, èyí tí ọmọdé máa rí tó máa mọ̀ pé ibí ni ọ̀nà parí sí. Kí ẹnikẹ́ni má sì gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀, nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì làṣẹ ìjókòó.

Ẹ̀kẹta, kí ibi tí èèyàn lè gbà bọ́ sórí báípáàsì náà níye. Kí ilé kọ̀ọ̀kan má ṣe la ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí owó gbà-má-bínú ṣáájú katapílà. Ẹ̀yin náà, ẹ ka igi kòkó yín, ẹ ya fọ́tò ilé àti ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ mú ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀karùn-ún, kí gáréèjì tirela àti ìsọ̀ rẹ̀ ṣí ní ọjọ́ kan náà tí ọ̀nà bá ṣí. Kí ìyálọ́jà, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn dírẹ́bà sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó máa pín in.

Bí a bá ṣe márààrún, báípáàsì tuntun lè wúlò fún àwọn ọmọ ọmọ wa. Bí a kò bá ṣe é, ogún ọdún òní, ẹlòmíràn yóò tún jókòó kọ ìwé pé kí ìjọba la ẹ̀kẹta.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Àkúrẹ́, ní Òǹdó, ní Ìdànrè, ní Ọ̀rẹ̀ àti níbi gbogbo, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Níbo ni tirela ti ń dí yín lọ́wọ́ jù? Bí wọ́n bá gbé e kúrò níwájú ìsọ̀ yín lọ́la, ṣé ẹ máa yọ̀, àbí ẹ máa sunkún? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.